Owó Ń Kọjá Ibodè, Ẹ̀tọ́ Kì Í Bá A Kọjá

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ àti òbí àdúgbò wa sọ n'Íbàdàn nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò ráyè wá, mo sì fi méjì lára ìbéèrè tí wọ́n bi mí kún un.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣé tí ẹ wá.

Ní ìlú yìí lónìí, ọmọbìnrin kan wà ní Akóbọ̀ tó ń dá àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù lóhùn láti orí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà ní Apẹ́tẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún ilé-iṣẹ́ kan ní Texas, kò sì tíì fojú kan ọ̀gá rẹ̀ rí àfi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn ò gba físà, wọn ò dé pápákọ̀ òfuurufú, síbẹ̀ òkè òkun ni owó oṣù wọn ti ń wá. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe. Irú àwọn ọmọ báyìí ti ń pọ̀ lára àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi, àwọn kan nítorí owó orí, àwọn kan kí n lè bá wọn ka ìwé àdéhùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn. Ohun tí mo ń rí nínú àwọn ìwé yẹn ló gbé mi wá síwájú yín.

Ohun náà nìyí: owó ń kọjá ibodè, ẹ̀tọ́ kì í bá a kọjá. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ nílùú ọ̀gá yín kò dé ọ̀dọ̀ yín níbí. Òfin tiwa náà kò sì rí ọ̀gá yín mú níbi tó wà. Gbogbo ohun tí agbanisíṣẹ́ máa ń ṣe fún òṣìṣẹ́, láti orí ìsinmi tó fi dé orí owó ìfẹ̀yìntì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe é, bí ẹ ò bá sì ṣe é, kò sẹ́ni tó máa bá yín ṣe é. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ èyí títí di ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibi tó dé. Ní 2014 ni wọ́n dá Andela sílẹ̀ ní Èkó, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tó sì ń mú wọn wọnú iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà láti ibí. Nígbà tí àrùn Kòrónà sé ayé mọ́lé ní 2020, àwọn ọ̀gá tó ti ń sọ pé àfi kí òṣìṣẹ́ wá sí ọ́fíìsì rí i fúnra wọn pé iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ. Bí èèyàn bá sì lè ṣe iṣẹ́ náà láti yàrá rẹ̀ ní Manchester, kí ló dé tí kò ní lè ṣe é láti Ṣakí? Lẹ́yìn náà ni ti náírà. Ní oṣù Okúdù 2023, báǹkì àpapọ̀ wa fi iye náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu rẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí 470 náírà fò kọjá 700 láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tó sì fi di oṣù Èrèlé 2024 ó ti lé ní 1,500. Ẹni tó ń gba 1,000 dọ́là lóṣù kò gba ìgbéga kankan, síbẹ̀ owó rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta ní náírà. Olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì tó ń gba náírà ń wo ọjà tó ń gbówó lórí lójoojúmọ́. Kò sí òbí tó rí èyí tí kò ní sọ fọ́mọ rẹ̀ pé, "Wá tìẹ náà ṣe."

Mi ò bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ náà. Owó yẹn ló ń san owó iléèwé àbúrò, òun ló ń tún ilé bàbá ṣe, ó sì ti dá ọ̀pọ̀ ọmọ dúró tí ì bá ti gba aṣálẹ̀ Líbíà lọ. Ṣùgbọ́n owó náà dùn débi pé kì í jẹ́ kí èèyàn béèrè ohun tó kù.

Kì í ṣe òní la ti ń jẹ oúnjẹ ìlú onílùú. Àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ sí Abidjan fún ìran mélòó kan, débi pé ẹ ó máa gbọ́ Faransé lọ́jà Èjìgbò. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Ìníṣà kún ọjà Ghana kí ìjọba Busia tó kéde ní ọjọ́ 18 oṣù Bélú 1969 pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí mọ bí àwọn èèyàn yẹn ṣe padà wálé, àwọn mìíràn tòun ti ẹrù orí nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun kan tí àwọn baba yẹn ní. Kò sí ìlú tí wọ́n dé tí wọn ò dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ló ń gba àlejò sílé, ẹgbẹ́ ló ń yá a lówó ọjà, ẹgbẹ́ ló ń sin òkú. Wọ́n mọ̀ pé òfin ìlú yẹn kì í ṣe tiwọn, wọ́n sì ṣe ohun tí wọ́n á gbára lé fúnra wọn. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ fún òkè òkun láti yàrá rẹ̀ lónìí kò ní èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Òun nìkan ló jókòó ti láptọ́ọ̀pù.

Ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé àdéhùn kan wò. Mi ò ní sọ ilé-iṣẹ́ tó ni ín, irú ìwé kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Ìlú Ọba ni ilé-iṣẹ́ yìí wà. Ìlà àkọ́kọ́ sọ pé agbaṣẹ́ṣe tó dá dúró ni ẹni tó fọwọ́ sí i, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ yí i sí ojú ìwé kejì: wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ìpàdé láràárọ̀, kò gbọ́dọ̀ bá ilé-iṣẹ́ mìíràn tó jọ tiwọn ṣiṣẹ́, kó sì tọrọ àyè kó tó rìnrìn-àjò. Bí òṣìṣẹ́ ṣe ń ṣe ló ń ṣe. Ẹ yí i sí ojú ìwé kẹta: kò sí owó lọ́jọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́. Gbogbo ohun tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe di ti ilé-iṣẹ́ láti ìgbà tó bá ti ṣe é. Ilé-iṣẹ́ lè fòpin sí àdéhùn nígbàkigbà, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láìsọ ìdí. Bí aáwọ̀ bá sì ṣẹlẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n á ti yanjú rẹ̀.

Ọmọbìnrin tó fọwọ́ sí ìwé yẹn ṣiṣẹ́ dáadáa fún wọn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó fẹ́ wọlé sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, kò gbà á wọlé. Ó rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ó pa á, ó tàn án, ó yá íntánẹ́ẹ̀tì lára fóònù àbúrò rẹ̀. Kó tó ṣe tán, lẹ́tà ti dé sínú ímeèlì tirẹ̀ pé iṣẹ́ ti parí lọ́jọ́ náà, wọ́n dúpẹ́ fún gbogbo akitiyan rẹ̀. Wọ́n san owó rẹ̀ títí dé ọjọ́ yẹn, wọn ò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. Ó gbé ìwé náà wá bá mi, ó ní kí n bá òun wo ibi tí wọ́n ti rú àdéhùn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ìlà kan tí wọ́n rú.

Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tí wọ́n jọ wà nínú ìpàdé àràárọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Òfin Ìlú Ọba fún un ní ọjọ́ 28 ìsinmi tí wọ́n ń sanwó fún lọ́dún. Bó bá ti lé lóṣù kan lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, bó bá sì pé ọdún méjì, ìkìlọ̀ náà á máa fi ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan pọ̀ sí i lọ́dọọdún títí dé ọ̀sẹ̀ 12. Bí wọ́n bá sọ pé iṣẹ́ ti tán lẹ́yìn ọdún méjì, owó ìdágbére wà tí òfin ní kí wọ́n san. Iṣẹ́ kan náà, ọ̀gá kan náà. Ibi tí oníkálùkù jókòó sí ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹnìkan á sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé ẹjọ́ wọn." Lóòótọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ìlú Ọba sọ ní 2021, lórí ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ Uber, pé kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé nìkan ni adájọ́ ń wò, bí iṣẹ́ ṣe rí gan-an ló ń wò. Ọ̀rọ̀ yẹn dára. Ṣùgbọ́n inú Lọ́ńdọ̀nù làwọn awakọ̀ yẹn ti ń wakọ̀. Ní 2006, àwọn adájọ́ àgbà wọn ti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn nínú ẹjọ́ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Lawson, tó ń ṣọ́ ibùdó àwọn ọmọ ogun òfuurufú Ìlú Ọba ní erékùṣù Ascension fún ilé-iṣẹ́ Serco. Wọ́n ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú Ìlú Ọba gangan ni òfin ìyọniníṣẹ́ wọn wà fún, àfi àwọn díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ Lawson nítorí pé ibùdó ọmọ ogun tó wà yẹn dà bí apá kan Ìlú Ọba nílẹ̀ òkèèrè. Akóbọ̀ kì í ṣe ibùdó ọmọ ogun wọn. Níbi tí òfin náà mọ nìyẹn.

Àwa ńkọ́? Ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ wà ní Nàìjíríà, ó ní ẹ̀ka n'Íbàdàn níbí, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti gbọ́ irú ẹjọ́ yìí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ lè jàre kí ẹ má rí nǹkan gbà. Ilé-iṣẹ́ tí kò ní ọ́fíìsì níbí, tí kò ní àkáǹtì níbí, kí ni wọ́n fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé?

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ní Luxembourg, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Yúróòpù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kì í gbé níbẹ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n ń wá láti Faransé, Bẹ́ljíọ̀mù àti Jámánì, wọ́n sì ń padà sílé lálẹ́. Àwọn orílẹ̀-èdè wọn ti jọ fẹnu kò: ibi tí èèyàn ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti ń dá owó ìfẹ̀yìntì àti ti ìlera rẹ̀, ó lè gba ìtọ́jú ní ìhà méjèèjì ibodè, bí iṣẹ́ bá sì bọ́ pátápátá, ìlú tó ń gbé ni yóò máa fún un ní owó ìrànwọ́ àìríṣẹ́ṣe. Nígbà tí ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ láti ilé wọn, wọ́n tún jókòó, wọ́n ṣe àdéhùn tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Agẹmọ 2023, kí ẹni tó ń fi ohun tó dín sí ìdajì àkókò iṣẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ nílé má bàa já kúrò nínú ètò ìlú tí iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ìyẹn ni pé ẹ̀tọ́ lè bá èèyàn kọjá ibodè bí àwọn ìjọba bá fọwọ́ sí i. Tiwa ní ECOWAS láti 1979 ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa kọjá sí Kútọnu àti Lomé láìgba físà fún 90 ọjọ́, ìyẹn náà sì dára. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà tí owó àwọn ọmọ wa ti ń wá, kò sí àdéhùn tó ń tẹ̀ lé òṣìṣẹ́ wa dé yàrá rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tó ń ṣojú wa l'Ábújá máa gbọ́ èyí lẹ́nu wa.

Kí wọ́n tó gbọ́, ẹ̀yin ti ń ṣiṣẹ́. Ohun àkọ́kọ́ ni iye tí ẹ ń pè. Bí wọ́n bá ní agbaṣẹ́ṣe ni yín, ẹ pe owó agbaṣẹ́ṣe. Ìsinmi tí wọn ò ní fún yín, ẹ ṣírò rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì, ẹ ṣírò rẹ̀: òfin Nàìjíríà ti 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ dá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún sí i, kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8. Ẹ̀yin lẹ máa dá méjèèjì. Iná, epo jẹnẹrétọ̀, dátà, àtúnṣe láptọ́ọ̀pù, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí i. Ní tèmi, ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ dáadáa á rí i pé owó tó yẹ kóun pè fi ìdá 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju owó oṣù tí òun ì bá gbà gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé pé dọ́là tàbí pọ́n-ùn ni wọ́n ń ka owó yín sí. Mo ti rí ìwé tí wọ́n kọ iye owó sí ní náírà ṣáájú 2023. Ẹni tó fọwọ́ sí i ń ṣiṣẹ́ dọ́là, ó ń gba náírà tó ń rọ̀ lójoojúmọ́.

Ọ̀nà mìíràn wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà báyìí, bíi Deel àti Remote, tí wọ́n lè dúró gẹ́gẹ́ bí agbanisíṣẹ́ yín lórúkọ ní Nàìjíríà níbí. Ilé-iṣẹ́ òkè òkun á máa sanwó fún wọn, àwọn á wá fún yín ní ìwé iṣẹ́ lábẹ́ òfin wa, wọ́n á yọ owó orí, wọ́n á san owó ìfẹ̀yìntì, ẹ ó sì di òṣìṣẹ́ tó ní ìsinmi. Owó tó bá dé ọwọ́ yín lóṣù lè dín díẹ̀. Bí wọ́n bá fi lọ̀ yín, ẹ má kọ̀ ọ́ nítorí iye tó wà lókè ìwé nìkan. Obìnrin tó fẹ́ bímọ, tó sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ níbí, òfin ní kó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, bó bá sì ti pé oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, ó kéré tán kí wọ́n san ìdajì owó rẹ̀ fún un. Agbaṣẹ́ṣe tó bímọ, kò sí nǹkan kan fún un.

Ó wá kan owó orí, ibi tí ẹ̀rù ti ń ba ọ̀pọ̀ yín. Àṣìgbọ́ kan wà káàkiri pé owó tó bá ti òkè òkun wá kò ní owó orí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, gbogbo owó tó ń wọlé fún un láti ibikíbi láyé ni òfin wa ní kó san owó orí lé. Àwọn ará Amẹ́ríkà á ní kí ẹ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní W-8BEN. Ohun tí fọ́ọ̀mù yẹn ń sọ ni pé ẹ kì í ṣe ará ibẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ sì ṣe níbí kì í ṣe owó tí Amẹ́ríkà ń gba owó orí lé. Kò sọ pé kí Nàìjíríà má gba tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé lẹ máa san án fún: ẹni tó wà n'Íbàdàn, Ọ̀yọ́ ni, ẹni tó wà ní Ìkẹjà, Èkó ni.

Òfin owó orí tuntun tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Okúdù 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2026. Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ tó ń gba 1,000 dọ́là lóṣù ṣe é, ká ka dọ́là kan sí 1,500 náírà. Mílíọ̀nù 18 náírà lọ́dún nìyẹn. Ká ní ó ń san mílíọ̀nù kan ààbọ̀ fún ilé. Òfin ní kí wọ́n yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé kúrò, kó má ṣáà ti ju 500,000 lọ. Tirẹ̀ jẹ́ 300,000, ó ku mílíọ̀nù 17.7. Kò ní san nǹkan kan lórí 800,000 àkọ́kọ́. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni lórí mílíọ̀nù 2.2 tó tẹ̀ lé e, 330,000 nìyẹn. Ìdá 18 lórí mílíọ̀nù 9, 1,620,000. Ìdá 21 lórí mílíọ̀nù 5.7 tó kù, 1,197,000. Ẹ rò ó pọ̀: 3,147,000 náírà lọ́dún, tó jẹ́ nǹkan bí 262,000 lóṣù.

Ó pọ̀, mi ò ní ṣe bí ẹni pé kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé wọ́n ní agbaṣẹ́ṣe ni yín, èyí sì ní àǹfààní tirẹ̀ níbí. Owó tí agbaṣẹ́ṣe ná lórí iṣẹ́ nìkan, òfin gbà kó yọ ọ́ kúrò kó tó ṣírò owó orí. Bí ọmọ yẹn bá ná mílíọ̀nù 2.4 lọ́dún lórí epo, dátà àti àyè ìjókòó níbi tí wọ́n ń háyà ọ́fíìsì fún iṣẹ́, tó sì ní rìsíìtì rẹ̀ lọ́wọ́, owó orí rẹ̀ á fi 504,000 dín. Ìdajì mílíọ̀nù wà nínú rìsíìtì tí ọ̀pọ̀ yín ń jù dànù níbi tí ẹ ti ń ra epo.

Ohun tó tún mú mi tẹnu mọ́ owó orí ni ìwé tó ń ti ibẹ̀ jáde. Onílé á bi yín pé, "Níbo lẹ ń ṣiṣẹ́?" Báǹkì á béèrè. Ọlọ́pàá ojú ọ̀nà náà á béèrè. Gbogbo yín mọ ohun tí wọ́n fi àwọn ọ̀dọ́ tó gbé láptọ́ọ̀pù ṣe kí EndSARS tó bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà 2020. Wọ́n tú ẹgbẹ́ ọlọ́pàá SARS yẹn ká, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi ń wo ọmọ tí kì í lọ sí ọ́fíìsì tó sì ń rówó ná kò tíì kúrò ní ìgboro. Kódà nínú ilé, ìyá kan sọ fún mi pé òun kì í lè dáhùn nígbà tí àwọn ará ìjọ bá bi òun léèrè iṣẹ́ ọmọ òun. Ìwé àdéhùn tó dáa àti ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta ló ń pa irú ẹnu bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò yẹ kí ọmọ tó ń fi òógùn rẹ̀ jẹun máa rìn bí ọ̀daràn nílùú baba rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ àwọn tó kù. Láti 2019 ni ètò owó ìfẹ̀yìntì ti wà fún ẹni tí kò ní agbanisíṣẹ́ níbí. Ẹ lè máa dá owó sí i bí agbára yín bá ṣe mọ, ẹ sì lè yọ nínú apá kan rẹ̀ bí ọ̀ràn bá dé. Òfin 2022 sọ ìdójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo wa. Ìpínlẹ̀ yìí ní tirẹ̀, Èkó ní Ìlera Èkó. Ní ti oorun, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú San Francisco, aago márùn-ún tàbí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ wa ni aago mẹ́sàn-án àárọ̀ wọn. Ẹ bá wọn sọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ pé ìdajì ọjọ́ wọn lẹ fẹ́ bá wọn jókòó, kí ẹ fi ọ̀sán wa ṣe ìyókù. Àwọn tó ti béèrè mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń gbà.

Íntánẹ́ẹ̀tì náà ní ti rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà 2024, wáyà mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun já nítòsí Côte d'Ivoire: MainOne, ACE, SAT-3 àti WACS. Báǹkì dákú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà, àtúnṣe wáyà wọ̀nyẹn sì gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń fi wákàtí sanwó fún kò rí owó àwọn wákàtí tó sọnù yẹn gbà. Ẹ jẹ́ kó wà nínú àdéhùn pé irú ohun báyìí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ yín, wọn ò sì gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ lé yín. Ìlà kan péré ni, ó sì ti gba àwọn kan sílẹ̀.

Mo sọ ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ní Abidjan àti Ghana lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún lónìí ni ẹgbẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí ní àdúgbò yìí nìkan kún yàrá kan. Ẹ máa pàdé lóṣooṣù. Ẹ máa fi ìwé àdéhùn han ara yín, ẹ máa sọ iye tí wọ́n ń san fún yín láìtijú, nítorí ẹni tí kò mọ iye tí ẹnìkejì ń gbà ló ń gba ìdajì rẹ̀. Ẹ dá àjọ tí ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè yá owó oṣù méjì nínú rẹ̀. Bí ẹ bá tó ogójì tí ẹ jọ san owó agbẹjọ́rò kan, á máa ka ìwé àdéhùn yín fún owó tí kò tó ti súyà ọ̀sẹ̀ kan lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Mo ti bá agbẹjọ́rò kan sọ ọ́, ó ní òun ṣe tán.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, màmá kan dìde, wọ́n ní ọmọ àwọn ń ṣe olùkọ́ ìjọba, ilé-iṣẹ́ òkè òkun kan sì ti fi ìlọ́po mẹ́rin owó rẹ̀ lọ̀ ọ́. Ṣé kó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀? Mo ní, "Mà, kó lọ, ṣùgbọ́n kó má lọ lóṣù yìí." Kó béèrè bóyá àyè ìsinmi tí wọn kì í sanwó fún wà níbi iṣẹ́ rẹ̀, kó gbà á, kó fi ṣiṣẹ́ fún wọn fún oṣù díẹ̀ kó tó kọ̀wé sílẹ̀. Bó bá ní àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì tirẹ̀, owó tó ti wà nínú rẹ̀ kò ní sọnù; kó máa dá sí i fúnra rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá béèrè pé bí òun bá ní kí wọ́n fún òun ní ìkìlọ̀ oṣù kan kí wọ́n tó lé òun, ṣé wọn ò ní kọ òun sílẹ̀ kí wọ́n lọ mú ará Kẹ́ńyà? Mo ní ìgbà tó dára jù láti béèrè ni ìgbà tí wọ́n bá ti sọ pé ìwọ ni àwọn fẹ́, tí o kò sì tíì fọwọ́ síwèé. Kọ ọ́ ní ṣókí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: pé inú rẹ dùn sí iṣẹ́ náà, pé o fẹ́ kí ìhà méjèèjì máa fún ara wọn ní ìkìlọ̀ ọgbọ̀n ọjọ́, kí iṣẹ́ wọn náà má bàa dúró bí ó bá jẹ́ ìwọ lo fẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ tí mo bá kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbà fún. Ó bi mí pé bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́. Mo ní bí o bá nílò iṣẹ́ náà, gbà á, kí o sì mọ̀ pé wọ́n lè lé ọ lọ́la. Owó oṣù mẹ́fà gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì dọ́là rẹ kí o tó ra mọ́tò.